Ìlà Kékeré Tó Wà Nísàlẹ̀

Aago 5:09 ìdájí, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 2024. Aago Èkó nìyí. Ti Lọndọnu náà bá a mu nínú oṣù Keje. Ní Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣì wà, aago 11:09 alẹ́. Ní Sydney, ọ̀sán ni, aago 2:09. Láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Austin, fáìlì kan jáde. Orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C, ìlà ìsopọ̀ kan, òdo márùn-ún, àti 291.

Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan láti gbà á. Falcon, ètò ààbò tí CrowdStrike ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́, máa ń fa irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀, kí ó lè dá ọgbọ́n tuntun tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta mọ̀. Irú rẹ̀ ti wọlé lọ́pọ̀ ìgbà láìsí wàhálà. Èyí wọlé sára àwọn kọ̀ǹpútà Windows tó ní Falcon, tó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò náà.

Láti aago 10:56 alẹ́ àná ni ẹ̀ka kan lára Azure, iṣẹ́ ìgbàlejò kọ̀ǹpútà ti Microsoft, ti ń ṣòjòjò ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú kan ti dúró nítorí rẹ̀. Ọ̀ràn ọ̀tọ̀ ni. Ní ìdájí yìí, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni.

Kò pẹ́ rárá. Ní Australia, àwọn oníbàárà wà nínú ilé-ìtajà ńlá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sanwó fúnra wọn ń fi iye ọjà hàn. Lójijì, iye náà parẹ́. Àwòrán ọjà parẹ́. Búlúù bo ojú ẹ̀rọ látòkè délẹ̀.

Ní apá òsì lókè, àmì ìdánudúró méjì tó gorí ara wọn àti àkámọ́ ẹyọ kan dúró bí ojú ẹni tó fajú ro. Ọ̀rọ̀ funfun wà lábẹ́ rẹ̀: ẹ̀rọ ti bá ìṣòro pàdé, ó fẹ́ tún ara rẹ̀ tàn. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ ti dé. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpótí kékeré kan tó kún fún àwọn àmì onígun mẹ́rin, irú èyí tí fóònù máa ń yà. Ẹni tó bá yà á yóò bọ́ sí ojú ewé kan náà tí gbogbo ẹni tó rí búlúù ń bọ́ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà ni ọ̀rọ̀ wà tí lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ìyókù lọ. Èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó wá ra bùrẹ́dì máa ń tẹjú mọ́.

Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kọjá. Búlúù lọ. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn.

Òkùnkùn yìí kò gùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wò ó. Iná wọ inú ẹ̀rọ. Firmware jí. Firmware ni ètò kékeré tí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ti fi sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Òun ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí Windows tó mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Ó bi ojú kọ̀ǹpútà léèrè bí ó ṣe fẹ̀ tó. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, èsì tó ń padà wá ni pé ẹyọ iná 1920 ló wà ní ìbú, 1080 ní òró. Firmware ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú mẹ́mọ́rì fún wọn. Báìtì mẹ́rin ni fún ẹyọ iná kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún pupa, ìkẹrin kò níṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ báìtì 8,294,400. Nọ́ńbà yòówù tó bá bọ́ sínú àyè náà yóò di ìmọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Kò nílò àṣẹ mìíràn. Bíi síléètì ló rí: ohun tí wọ́n bá kọ sí i ni ojú ń rí.

Firmware wá ṣe àkọsílẹ̀ nípa síléètì náà. Ó kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì. Ó kọ ìbú rẹ̀, ó kọ òró rẹ̀, ó kọ bí àwọn àwọ̀ ṣe tẹ̀ léra nínú báìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi àkọsílẹ̀ yìí lé Windows lọ́wọ́, ó sì yọwọ́. Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó lè pè é padà pé kó wá yí ìwọ̀n àwòrán padà. Ó ti lọ. Àyè tó yà sọ́tọ̀ ló kù.

Àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ hàn lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ̀kán funfun kéékèèké ń yí po lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́lẹ̀, kernel, ìyẹn apá Windows tó ń pàṣẹ fún gbogbo apá yòókù, ń jí àwọn tó sún mọ́ ọn jù lọ dìde. Falcon wà lára wọn. Ó ní láti tètè jí kí ọ̀tá má bàa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kò tíì dé ojú ewé tí èèyàn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Falcon ṣí àpótí fáìlì rẹ̀. Fáìlì 291 wà níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀kán funfun dúró. Búlúù.

Ó kú. Ó tàn. Àmì hàn, ẹ̀kán ń yí po. Ó dé ibi tó dé lẹ́ẹ̀kan. Búlúù.

Aago 5:30. Ní India, aago 10 àárọ̀ ti lù. Ní pápákọ̀ òfuurufú, èrò ti tò sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìwọkọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tẹ nǹkan kan jáde. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ IndiGo, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ ìwé ìwọkọ̀: orúkọ, ibi tí èrò ń lọ, àga tó máa jókòó sí. Yíǹkì búlúù ni ẹlòmíràn nínú wọn lò. Àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé kí ọjọ́ náà tó parí.

Aago 6 ku díẹ̀. Fóònù ń dún létí ibùsùn àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: ṣé wọ́n ti kọlù wá ni? Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2017 kò tíì gbàgbé WannaCry, ìkọlù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó dá iṣẹ́ ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rú. Ìbẹ̀rù yẹn ni wọ́n fi ń wo búlúù.

Wọ́n ń ya ojú ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Àwòrán láti Sydney. Àwòrán láti Tokyo. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n yà kánkán, ìmọ́lẹ̀ àjà hàn lára gíláàsì. Wọ́n fẹ ìlà tó kẹ́yìn lójú. Lẹ́tà mẹ́wàá ni, pẹ̀lú àmì ìdánudúró kan láàárín wọn: csagent.sys. Ohun tó wà níwájú orúkọ náà sọ pé òun ló kùnà. Wọ́n wo àwòrán mìíràn. csagent.sys. Wọ́n wo òmíràn tó ti ilẹ̀ mìíràn wá. csagent.sys.

Orúkọ driver Falcon ni, apá rẹ̀ tó ń bá kernel gbé inú yàrá kan náà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ráyè béèrè láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ náà ti dákú. Kò lè ṣí fáìlì, kò lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò lè gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù. Síbẹ̀ ó kọ orúkọ sílẹ̀, lẹ́tà kan kò sì ṣì nínú rẹ̀.

Aago 6:27. CrowdStrike fa fáìlì náà sẹ́yìn, wọ́n sì fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 78 péré ló lò níta. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹni tó ni ín pa kó tó lọ sùn, tí kò sì tàn án títí di àkókò yìí, kò rí nǹkan kan. Èyí tí wọ́n tàn lẹ́yìn náà bá fáìlì tó dára pàdé.

Fún àwọn yòókù, ìròyìn ayọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Fáìlì tó dára wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ̀rọ tó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́dọ̀ jí tán. Kó tó jí tán, yóò bá 291 pàdé. Àmì, ẹ̀kán tó ń yí po, búlúù.

Aago 7 àárọ̀. Ní Lọndọnu, Sky News kò lè gbé ìròyìn ààyè jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ń ròyìn wàhálà ti bọ́ sínú wàhálà.

Aago 8. Àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò ṣílẹ̀kùn jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn dókítà fẹ́ ṣí EMIS, ètò tí wọ́n ń lò láti wo ìtàn àìsàn aláìsàn àti láti to ọjọ́ ìpàdé. Lọ́pọ̀ ibi, kò ṣí. Wọ́n padà sí bébà àti bírò. Wọ́n ń fi ọwọ́ kọ oògùn. Aláìsàn jókòó níwájú dókítà, dókítà ń bi í ní ohun tó ti yẹ kó hàn níwájú rẹ̀: oògùn wo lò ń lò, èwo ni ara rẹ ń kọ̀. Aláìsàn tó bá dàgbà lè má rántí gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe dókítà àti nọ́ọ̀sì nínú ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn, àwọn mìíràn sì wà lórí àga aláìsàn. Nọ́ńbà pàjáwìrì, 999, ṣì ń lọ.

Aago 9. Ní Berlin, aago 10 ni. Láti àárọ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ ti dá ọkọ̀ dúró. Ní Kiel àti Lübeck, ní àríwá Jámánì, ilé ìwòsàn yunifásítì ti wọ́gi lé àwọn iṣẹ́ abẹ tó lè dúró. Àwọn tí kò lè dúró ni wọ́n ń ṣe. Ní àwọn pápákọ̀ òfuurufú káàkiri, àwọn pátákó oníná tó ń sọ àkókò ọkọ̀ ga lókè orí èrò, búlúù ni wọ́n. Èrò gbójú sókè. Láti ilẹ̀, ìlà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn kò ṣeé kà.

Aago 10:45. George Kurtz, olórí CrowdStrike, kọ ọ̀rọ̀ sórí X. Ó ní kì í ṣe ìkọlù. Ó ní àṣìṣe ni, nínú fáìlì kan fún Windows. Kò kan Mac àti Linux. Ó ní wọ́n ti rí ìdí rẹ̀, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ti fi àtúnṣe síta. Wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ àforíjì kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn wá lẹ́yìn, lórí tẹlifíṣọ̀n. Kurtz ti wà nítòsí irú èyí rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ ní McAfee, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà mìíràn, fáìlì àtúnṣe kan láti ibẹ̀ ba Windows XP jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó jókòó síwájú búlúù ka ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù rẹ̀. Ó gbójú sókè. Búlúù.

Aago 12 ọ̀sán. Ilẹ̀ ti mọ́ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. American, United àti Delta ti dá ọkọ̀ wọn dúró nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ní Alaska, lálẹ́, 911 kò lọ dáadáa. Àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà gbé nọ́ńbà mìíràn jáde fún ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí. Lára gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yìí, èyí ló le jù lójú tèmi: ẹni tó ń pe fún ìrànlọ́wọ́, tí fóònù sì ń dún sórí ibi tí kọ̀ǹpútà ti kú.

Aago 1 ọ̀sán. Ọ̀nà àtúnṣe ti tàn káàkiri. Kò ṣòro, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ ṣe é, lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ó jẹ́ kó kú, kó tàn, kó tún kú, títí tí Windows fi gbà fúnra rẹ̀ pé òun kò jí dáadáa, tí ó sì gbé ojú ewé àtúnṣe jáde. Ó tẹ bọ́tìnì. Ó tẹ òmíràn.

Ẹ̀rọ béèrè kọ́kọ́rọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi BitLocker ti àpò ìpamọ́ kọ̀ǹpútà wọn pa, kí olè má bàa ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 48 ni kọ́kọ́rọ́ náà, ní ọ̀wọ́ mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹnì kan ń pè é lórí fóònù, ẹnì kejì ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣi ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ kan, orí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ẹ̀rọ pa mọ́ sí. Sáfà náà jẹ́ búlúù.

Níbi tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ṣiṣẹ́, Safe Mode, ipò tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ohun tó pọn dandan nìkan, ṣí. Ilẹ̀ dúdú. Orúkọ náà, Safe Mode, wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́tà tóbi, àwòrán rí gbàgẹ̀rẹ̀. Windows kò jí káàdì àwòrán gidi. Ó ń lo driver kan tó kéré jù lọ nínú gbogbo driver àwòrán tó ní. Kò jí Falcon náà. Òṣìṣẹ́ wọ àpótí Windows, ó wọ System32, ó wọ drivers, ó wọ CrowdStrike. Ó wá fáìlì tó ní 291. Ó pa á rẹ́. Ó tún ẹ̀rọ tàn.

Àmì hàn. Ẹ̀kán ń yí po. Ó ń yí po. Ojú ewé ọ̀rọ̀ aṣínà ṣí.

Ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ tó kàn.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò sí ìdí tí èèyàn lè jókòó sí. Inú gbọ̀ngàn ìgbàlejò ni wọ́n wà, wọn kò ní kíbọ́ọ̀dù, wọn kò ní gíláàsì kankan níwájú. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń jí, firmware ayédèrú tó wà nínú wọn ti ya àyè kan sọ́tọ̀ fún ojú tí kò sí. Lórí Azure, ẹni tó ń tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ní kí wọ́n ya àwòrán àyè yẹn fún òun. Àwòrán náà dé. Búlúù ni. Orúkọ náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ń yọ àpò ìpamọ́ ẹ̀rọ tó kú, wọ́n ń so ó mọ́ ara ẹ̀rọ tó yè, wọ́n ń pa fáìlì rẹ́, wọ́n ń dá a padà. Microsoft ní àwọn oníbàárà kan ti rí i pé bí wọ́n bá ń pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń tàn án léraléra, ó máa ń jí. Ó lè gbà tó ìgbà 15. Eré sísá ni: bí okùn íntánẹ́ẹ̀tì bá yára ju Falcon lọ, fáìlì tó dára á wọlé kí 291 tó ṣí. Nítorí náà ni àwọn àgbàlagbà oníṣẹ́ fi ń pa sáfà, tí wọ́n ń tàn án, tí wọ́n ń retí.

Aago 7 alẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ti wọ́gi lé lágbàáyé lónìí ń lọ sí 5,000. Yóò kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Delta, ètò tó ń sọ ibi tí awakọ̀ òfuurufú àti àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ wà ti dàrú. Ọkọ̀ wà, èrò wà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tó lè wà á. Ìyẹn yóò wọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ti sùn sílẹ̀ ní pápákọ̀ ti fi báàgì rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí.

Aago 11:59 alẹ́. Ní Èkó, ọjọ́ Ẹtì ń parí. Wákàtí méjìdínlógún àti ìṣẹ́jú àádọ́ta ti kọjá lórí fáìlì náà. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, Microsoft fojú bu iye ẹ̀rọ tó kàn: mílíọ̀nù 8.5. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, CrowdStrike gbé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ètò kan nínú Falcon ni wọ́n ṣe láti wo àyè 21. Kọ́ọ̀dù tó ń fún un ní nǹkan wò ń fún un ní 20. Fún oṣù díẹ̀, kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí pé àwọn fáìlì tó ṣáájú kò béèrè ohun pàtó nínú àyè kọkànlélógún. Fáìlì ti 19 oṣù Keje béèrè. Falcon na ọwọ́ kọjá òpin mẹ́mọ́rì tó jẹ́ tirẹ̀. Inú kernel ló sì wà nígbà tó na ọwọ́ náà.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kernel Windows kì í gbìyànjú láti máa bá iṣẹ́ lọ. Ó dá gbogbo nǹkan dúró, kí àṣìṣe má bàa wọ inú fáìlì oní-nǹkan. Ó wo àdírẹ́sì àṣẹ tó fa wàhálà, ó wá a nínú ìwé orúkọ àwọn driver tó ti jí, ó rí ẹni tó ni ín. Ó wá ku ibi tó máa kọ ọ́ sí. Kò lè gbára lé driver ìtẹ̀wé, ti íntánẹ́ẹ̀tì, ti fèrèsé àti àwòrán ẹlẹ́wà. Bí driver káàdì àwòrán bá ti gba ojú kọ̀ǹpútà, kernel a ní kó gbé e padà sí ipò tí òun fúnra òun lè kọ nǹkan sí. Bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, kò tilẹ̀ nílò ìyẹn. Síléètì tí firmware fi sílẹ̀ wà níbẹ̀. Framebuffer ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Kernel mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìbú àti òró rẹ̀. Lọ́dún 2024, búlúù ló ń dà sínú rẹ̀. Ó ya lẹ́tà sórí búlúù náà, ẹyọ iná kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú kọ́ọ̀dù kékeré tó wà nínú ara rẹ̀, títí ó fi dé ìlà tó kẹ́yìn.

Gbogbo ayé bẹ̀rù búlúù lọ́jọ́ yẹn. Búlúù ni apá tó ṣiṣẹ́. Lára gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń pèsè sílẹ̀ nígbà tó bá ń jí, àyè tó rọrùn jù lọ, tí kò sẹ́ni tó ń yìn ín, ló gbé orúkọ jáde kí Austin tó sọ̀rọ̀. Tìtorí rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ fi mọ àpótí tí wọ́n máa ṣí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, kò ní irú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bẹ́ẹ̀ lọ́nà tó dánilójú. Òun náà ń gba àkọsílẹ̀ firmware. Apá kan tí wọ́n ń pè ní sysfb ń sọ ọ́ di ẹ̀rọ àwòrán tí kernel lè lò, kí driver káàdì gidi tó dé láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí driver gidi lé e kúrò kó tó mọ̀ bóyá òun fúnra òun lè ṣiṣẹ́, tí ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú láìsí ọ̀rọ̀ kan. Fún àwọn káàdì AMD, Linux 6.3 ti ọdún 2023 ṣàtúnṣe ìyẹn: driver wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ohun tó nílò kó tó lé síléètì. Àmọ́ títí di ìgbà náà, bí kernel bá dákú nígbà tí èèyàn wà lórí fèrèsé àti àwòrán, àwòrán náà kàn máa ń gan ni. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kernel wà nínú mẹ́mọ́rì, ojú kò rí i.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2024, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú fáìlì 291, Linux 6.10 jáde. Nínú rẹ̀ ni DRM panic wà, iṣẹ́ Jocelyn Falempe, tó ń jẹ́ kí kernel tó bá ń kú kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Driver díẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á láyè. Ọ̀kan nínú wọn ni simpledrm, tí kò mọ káàdì àwòrán kankan. Àyè tí firmware yà sọ́tọ̀ nìkan ló mọ̀.